Ìbéèrè Tí Joẹli Kò Dúró Bá Wa Yanjú

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ fara ti òpó, kó fara tì í. Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ ìpè mi. Mo rí yín láti ojú fèrèsé mi lánàá, ẹ kóra yín jọ sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ìwé, gbogbo yín tẹ orí ba, fóònù wà lọ́wọ́ kálukú, ẹnikẹ́ni ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé àdúrà lẹ ń gbà. Nígbà tí mo jáde tí mo bi ọ̀kan nínú yín, ó ní ìdánwò físíìsì ló kù sí dẹ̀dẹ̀, pé ẹ ń dúró de ohun kan tí yóò wọlé. Mi ò bi í pé kí ni nǹkan ọ̀hún. Ohun tó wà lẹ́yìn òfà ju òje lọ, ẹni tó bá sì ti rí i rí kì í tún béèrè.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù. Nígbà tiwa, etí ló máa ń kọ́kọ́ mọ ibi tí àwọn ọmọ físíìsì wà kí ojú tó rí wọn. Abẹ́ máńgòrò kan náà la máa ń wà lẹ́yìn tí agogo ìparí bá ti dún, ṣùgbọ́n igi ìgbà náà ti wó, èyí tí ẹ rí yìí, ọmọ rẹ̀ ni. Àpáta pẹrẹsẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a fi ṣe pátákó. Èédú la fi ń kọ̀wé sí i, òjò ló ń bá wa nù ún, bí òjò bá sì pẹ́, omi àti ewé ẹ̀gẹ́ la fi ń fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti oko yóò máa gbọ́ ariwo wa láti ìsàlẹ̀ odò. Ẹnìkan ń pariwo pé òkúta ńlá àti kékeré jọ ń bálẹ̀ ni, òmíràn ń pariwo pé irọ́ ni, ẹ̀kẹta ti ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó fẹ́ gun igi lọ ju òkúta méjì sílẹ̀ kí gbogbo wa rí èyí tí yóò kọ́kọ́ bálẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ru ẹ̀gẹ́ kọjá a máa kí wa pé, ẹ̀yin ọmọ fọ́ọ̀sì, ẹ kú làálàá o. Wọn ò mọ ohun tí fọ́ọ̀sì jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Kì í ṣe pé a gbọ́n ju yín lọ. Àìsí olùkọ́ ló sọ wá dà bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kúkurú kan ló ń kọ́ wa ní físíìsì, ẹni jẹ́jẹ́ ni, ìyẹ̀fun ẹfun a sì máa wà ní imú rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tó ku díẹ̀ kí á wọ ọdún ìjáde ni ìjọba gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn, wọn ò sì fi ẹnikẹ́ni dípò rẹ̀. Wọ́n ti yàrá irinṣẹ́ pa. A máa ń yọjú láti fèrèsé, a ó rí àwọn òṣùwọ̀n àti gíláàsì tí eruku ń bò díẹ̀díẹ̀, bí ọjà tó ti tú tí ẹnìkan gbàgbé igbá rẹ̀ sí. Àwọn olùkọ́ yòókù gbà wá nímọ̀ràn pé kí á fi físíìsì sílẹ̀, kí á mú ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn, ṣebí ọmọ àgbẹ̀ ni wá. Ọ̀pọ̀ fi í sílẹ̀. Àwa díẹ̀ tó kù ni òjò kó pọ̀ bí ẹyẹlé àti adìẹ, ọmọ oníṣọ́ọ̀ṣì àti ọmọ mùsùlùmí, ọmọ Èsìẹ́ níbí, àti àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Àrándùn.

Ràmọ́tù ló kó wa jọ. Bàbá rẹ̀ ń ṣòwò láti ìhà Ṣàárẹ́, ó sì ti mú ìdílé rẹ̀ wá tẹ̀dó síbí kí á tó bí Ràmọ́tù. Ràmọ́tù gbọ́ Tápà, ó gbọ́ Ìgbómìnà bíi ti wa, ó sì ní sùúrù tí mi ò rí irú rẹ̀ lára ọmọdé mọ́. Òun ló fi òfin lélẹ̀ fún wa. Bí ọ̀kan nínú wa bá mọ ìdáhùn sí ìbéèrè kan, kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kó bi í pé, kí lo rí? Kí onítọ̀hún sọ ohun tó rí, ì báà jẹ́ wèrè ọ̀rọ̀, kí á sì ti ibẹ̀ máa bá a lọ, títí tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi débẹ̀. A kì í ṣí ojú ìwé kejì bí ẹnìkan bá ṣì wà lẹ́yìn. Ó máa ń pẹ́. Inú a máa bí wa. Ọ̀rọ̀ ilé wa la sì fi ń là á mọ́lẹ̀, nítorí òyìnbó inú ìwé yẹn kò ní àánú ẹnikẹ́ni lójú.

Ẹ̀rín ò wọ́n níbẹ̀. Nígbà kan, a so òkúta mọ́ okùn, a gbé e kọ́ ẹ̀ka máńgòrò kí á lè máa wo bó ṣe ń fì síwá sẹ́yìn. Àgbò ọ̀gá ilé ìwé kọjá, ó rí òkúta tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó rò pé ìjà ló dé, ó kàn án. Òkúta lọ, ó padà wá kàn án nímú. Àgbò bínú, ó tún kàn án. A fẹ́ lé e, Ràmọ́tù ní kí á fi í sílẹ̀, pé olùkọ́ tuntun tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí wa nìyẹn. Nígbà tí Egúngún Eléwe bá jáde, tí ẹsẹ̀ ijó ń pè wá láti àárín ìlú, a ó máa yára yanjú ìbéèrè bí ẹni ń sáré ká aṣọ fún òjò, nítorí kò sẹ́ni tó lè lọ wòran bí ọ̀kan bá kù lẹ́yìn. A ó ti ara wa, a ó bẹ ara wa, títí tí ẹni tó kù yóò fi ké pé òun ti rí i. Ìgbà náà ni a ó wá tú ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Joẹli ló já fáfá jù nínú wa. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa, torí rẹ̀ ni mo ṣe pè yín. Bàbá rẹ̀ ti kú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ìyá rẹ̀ sì ń bá àwọn ènìyàn lọ ata, òun ló fi tọ́ ọ. Obìnrin náà pupa, ó ga, ọwọ́ rẹ̀ kì í yé ta á nítorí ata. Ó ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ẹnjiníà ni ọmọ òun yóò jẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo lórí Joẹli ju ẹrù igi lọ. Bí ìbéèrè bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò sí ẹni tó lè bá a yára. Ṣùgbọ́n bí ó bá le, tí Ràmọ́tù kọjú sí i pé kí ló rí, ojú rẹ̀ yóò yí padà. Kò lè fara da kí ó ṣì í sọ lójú ènìyàn. Yóò ní orí ń fọ́ òun, tàbí pé ìyá òun ń pe òun.

Ọdún ìdánwò dé. Ọyẹ́ ọdún náà pẹ́ kó tó lọ, ilẹ̀ gbẹ, ewé máńgòrò ń já lé wa lórí láìsí afẹ́fẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń ri òpó iná láti Ọ̀mù-Àrán bọ̀ níbí. Òpó ti wà, wáyà ò tíì sí. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ létí ọ̀nà bí àlejò tí kò sọ ohun tó bá wá. Lójú ọ̀nà kan náà ni ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba wá sí ìlú láti Ìlọrin, ó ń gun alùpùpù. Ohun tó jẹ́ kí n máa rántí rẹ̀ ni pé ẹ kì í gbọ́ ìró alùpùpù rẹ̀. Bó bá ti kù díẹ̀ kó dé ilé ìwé, yóò pa á, yóò máa tì í bọ̀ jẹ́ẹ́. Àwọn kan a pòórá lọ bá a lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́. Ìbéèrè ìdánwò tí wọ́n jí jáde ló ń kó kiri, òun àti ìdáhùn rẹ̀ pọ̀. Ẹ́kísípò ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí ẹ ń pè é lóde òní.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a dé orí ìbéèrè kan nínú ìwé ìbéèrè àtijọ́. Wọ́n ní, kí nìdí tí a fi ń fi wáyà kan so ara irin ẹ̀rọ iná mọ́ ilẹ̀? Kò sẹ́ni nínú wa tó tíì ní iná nílé rí. A kàn ń wo ara wa. Joẹli dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní kí á má fi èyí da ara wa láàmú, pé ìdáhùn gbogbo rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà, òun yóò sì fún wa níbẹ̀, pé ọ̀rẹ́ ni wá. Ó wu ẹlòmíràn nínú wa, mo rí i lójú wọn. Èmi, ẹ̀rù bàbá mi ló dá mi dúró ju ìwà rere lọ.

Ràmọ́tù kò bínú. Ó bi í pé, “Joẹli, bí o bá gba ìdáhùn yẹn, kí ni ìwọ fúnra rẹ rí?”

Joẹli ní, “Mo rí ìwé ẹ̀rí. Ohun tí ìyá mi ń dúró dè nìyẹn.”

Ó lọ. Kò tún padà wá sábẹ́ máńgòrò mọ́. Àwọn méjì tẹ̀lé e lọ́jọ́ kejì, wọ́n ò sì jẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin. Àwa tó kù jókòó ti ìbéèrè yẹn títí òòrùn fi rọ̀. A sọ ìsọkúsọ lórí rẹ̀. Nígbà tó yá ni Ràmọ́tù wo ògiri ilé ìwé, níbi tí àgbàrá ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní, bí a kò bá la ojú omi fún àgbàrá, ara ògiri ni yóò gbà kọjá. Iná náà ń wá ọ̀nà dé ilẹ̀. Bí wáyà inú ẹ̀rọ bá bó, tó kan irin, iná ti wà lára irin nìyẹn, yóò máa dúró de ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án. Bí a bá ti ri wáyà mọ́ ilẹ̀ fún un, ibẹ̀ ni yóò gbà, yóò rọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, fíúsì yóò sì já. Bí kò bá sí, ara ènìyàn ni ojú omi. Mo rántí pé a ò pariwo nígbà tí a lóye rẹ̀. A wo àwọn òpó tó wà létí ọ̀nà, a sì tú ká lọ sílé.

Ìbéèrè yẹn jáde nínú ìdánwò. Èsì dé, Joẹli ló ṣe tayọ jù lọ ní gbogbo àgbègbè wa. Ìyá rẹ̀ ṣe ìdúpẹ́ ní ìjọ, ó jó láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ, a sì bá a jó, torí a fẹ́ràn obìnrin náà. Èmi àti Ràmọ́tù yege níwọ̀nba. Ràmọ́tù tún kẹ́kọ̀ọ́ sí i, ó di olùkọ́ físíìsì ní Ọ̀mù-Àrán. Èmi di olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níhìn-ín, mo sì ń dá oko iṣu mi lọ. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ èyí tí inú ń run.

Joẹli lọ kọ́ iṣẹ́ iná ní Ìlọrin. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tó bá a níbẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù kó tó sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n rí ìwé ẹ̀rí rẹ̀, wọn ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn tó kù. Wọ́n ní ó ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi í ṣe olórí àwọn tó bá níbẹ̀. Báwo ni olórí yóò ṣe wá béèrè lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀yìn pé kí ni wáyà yìí wà fún? Ó ń wo ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn, ó ń ṣe bí wọ́n ti ń ṣe, èyí tí kò bá yé e, yóò ní kò pọn dandan. Wáyà ẹlẹ́nu méjì ló máa ń fà sílé. Ẹ̀kẹta tó yẹ kí wọ́n ri mọ́ ilẹ̀, ó ní àfikún lásán ni.

Iná ìjọba wá dé, ó di ẹni tí gbogbo ìlú ń wá. Láti Èsìẹ́ dé Agbamù, òun ló ń fa iná sílé fún wọn. Ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún ìyá rẹ̀, ó sì ra ẹ̀rọ ìlọta oníná síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò fọwọ́ yí ọlọ mọ́. Ẹ̀rọ náà dára, ẹnu rẹ̀ ń dán, ìró rẹ̀ a máa dún dé ọjà.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ìyàwó mi lọ ata débẹ̀, ó bọ̀, ó ń fi ẹ̀rín sọ fún mi pé ẹ̀rọ Ìyá Joẹli ń ta ènìyàn. Mo ní, ó ń ta ènìyàn báwo? Ó ní bí èèyàn bá fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀, yóò ta á wìn-ìn bí ìgbà tí èèrà bá buni. Ó ní àwọn obìnrin ti fi ṣe àwàdà, wọ́n ní ẹ̀rọ náà ń kí oníbàárà. Àwọn kan tilẹ̀ ń fọwọ́ kàn án mọ̀ọ́mọ̀ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín.

Mo dìde lọ bá Joẹli lójú ẹsẹ̀. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un, mo sì bi í bóyá ó ri wáyà mọ́ ilẹ̀. Ó bá mi ṣeré, ó pè mí ní tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké. Ó ní gbogbo ẹ̀rọ tuntun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé ara rẹ̀ yóò balẹ̀ tó bá yá. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó yí ojú padà gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń yí i nígbà náà, ó ní orí ń fọ́ òun. Mo lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá ní, “Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n ṣé ìwọ ló gba ipò kìíní ni, àbí òun?” Mo ní kó máa wọ bàtà rọ́bà nígbà gbogbo tó bá ń ṣiṣẹ́, ó sì ṣèlérí. Mo wá wọkọ̀ lọ sí Ọ̀mù-Àrán lọ sọ fún Ràmọ́tù. Bí ó ti gbọ́ ọ, ó ní òun yóò wá fúnra òun, pé ọ̀la gan-an ni ilé ìwé ń gba ìsinmi Àjíǹde. Mo sùn síbẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kí á lè jọ wá.

Ẹ mọ bí ọdún Àjíǹde ti rí nílẹ̀ wa. Ọmọ tó wà ní ìdálẹ̀ yóò wálé. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ilẹ̀ ń rùn, àwọn obìnrin tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ níwájú ilé ẹ̀rọ pẹ̀lú ata àti ẹ̀wà wọn. Ìyá Joẹli ti fọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kí ó lè mọ́ fún ọdún, ó sì bọ́ bàtà sílẹ̀ kó má baà dọ̀tí. A ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn tán nígbà tí ìlà náà tú. A kò gbọ́ igbe lákọ̀ọ́kọ́. Igbá tó já bọ́ la gbọ́. Ìró ẹ̀rọ náà kò sì dá, ó ń lọ, ó ń lọ, ìyá sì dúró tì í láìmira, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí irin.

Joẹli ti ẹ̀yìn wa sáré kọjá, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ìyá rẹ̀. Ràmọ́tù gbá a mú láyà, ó tì í ṣubú sínú ẹrẹ̀. Ó ké sí gbogbo wọn pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ọmọ odó gbígbẹ kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e, ó fi ti súwíìṣì tí a fi ń pa iná lára ògiri sísàlẹ̀. Ẹ̀rọ dákẹ́, ìyá ṣubú. A gbé e dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n òkú la gbé débẹ̀. Bí kì í bá ṣe Ràmọ́tù ni, méjì là bá gbé.

Wọ́n sin ín lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é, pé wọ́n ń jowú ọmọ rẹ̀. Joẹli ì bá fara pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tí ì bá jà á níyàn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wá bá mi, irùngbọ̀n bo ojú rẹ̀, ó ní kí n sin òun lọ sọ́dọ̀ Ràmọ́tù. A bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà. Joẹli kò jókòó sórí àga tó fún un, ilẹ̀ ló jókòó sí.

Ó ní, “Mo wá nítorí ìbéèrè ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin yanjú rẹ̀. Èmi ò yanjú rẹ̀.”

Ràmọ́tù gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Ó wá bi í jẹ́ẹ́ pé, “Kí lo rí?”

Joẹli ní, “Mo rí ìyá mi.”

Mo bojú wẹ̀yìn. Ràmọ́tù kò pa á lẹ́nu mọ́, kò sì tù ú nínú. Ó ní ó dára, kí á ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó bi í pé kí ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ìyá. Joẹli ní omi. Kí ló wà lábẹ́ omi? Ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, omijé ń bọ́ lójú ọkùnrin náà láìdábọ̀, títí tí òun fúnra rẹ̀ fi sọ ohun tí wáyà kẹta wà fún. Ó sọ ọ́ tán, ó dorí kodò. Mo ti rí ìsìnkú púpọ̀ láyé mi, mi ò tíì rí èyí tó le tó ìyẹn.

Láti ọjọ́ yẹn ni Joẹli ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà lọ sí gbogbo ilé tó ti fa iná sí. Yóò kan ilẹ̀kùn, yóò ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣe iṣẹ́ yìí tì, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe.” Kò gba kọ́bọ̀. Ẹ ò mọ ohun tó ná ọkùnrin tó ti gba ipò kìíní láti sọ gbólóhùn yẹn lẹ́nu ọ̀nà ènìyàn. Àwọn kan gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, àwọn kan bú u, ilé kan tilẹ̀ tú ajá sí i, ó padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Èmi náà máa ń bá a gbé àkàbà nígbà mìíràn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, ó kúkú ṣáájú ìrì débẹ̀.

Ilé kan ṣoṣo ló kù tí kò rí wọ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó wà lẹ́yìn ọ̀nà ọjà, tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ aró. Olówó tó ni ín ní ẹni tó pa ìyá rẹ̀ kò ní tún wọ inú ilé òun. A bẹ̀ ẹ́, pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ilé náà pa, wọ́n padà sí ìdálẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, koríko bo ojúdé rẹ̀. Joẹli a máa kọjá níbẹ̀ kó máa wò ó. Nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn tó gbẹ̀mí rẹ̀, ilé náà ló bá mi sọ.

Ẹ̀yin náà lè sọ pé bàbá àgbà yìí ń fi ìtàn àtijọ́ dí wa lọ́wọ́. Ayé ti yí, mo mọ̀. Ohun tí a fi ọ̀sán gbogbo wá, fóònù yóò sọ ọ́ kí ẹ tó mí. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín tó ń bi ẹnìkejì rẹ̀ pé kí ló rí? Àwọn tó gba ìdáhùn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún tó kọjá àti lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n ti jáde, wọ́n ń kọ́ afárá, wọ́n ń fún aláìsàn lábẹ́rẹ́, wọ́n ń fa iná. Kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n lójú. Èmi kì í fọwọ́ kan irin nílé onílé mọ́.

Àná, kí n tó kúrò lọ́dọ̀ yín, mo bi ọmọ tó dá mi lóhùn pé ibo ló ń gbé. Ó nawọ́ sí òrùlé aláwọ̀ aró yẹn. Ó ní ọmọ onílé ti ṣí i, ó ti kùn ún, ó sì ti fi yàrá rẹ̀ rẹ́ǹtì fún ẹ̀yin tí ẹ wá láti Agbamù. Mi ò sùn. Mo ránṣẹ́ sí Ràmọ́tù ní Ọ̀mù-Àrán láàárọ̀ yìí, ó ti darúgbó bíi tèmi, ṣùgbọ́n ó ti wọkọ̀, ó sì ń mú oníná tó mọṣẹ́ bọ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Mo pè yín wá síhìn-ín kí ẹ má baà wà nínú ilé náà títí wọn yóò fi dé. Láti ìjẹta ni wọn ò ti mú iná wá, ìyẹn nìkan ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ tó láti jókòó sọ̀rọ̀.

Kí ni àwọn ọmọdé ìta ń pariwo fún? Ẹ wo gílóòbù orí mi yìí. Iná ti dé.

Ṣé gbogbo yín lẹ pé síbí? Ta lẹ ní ó dúró sílé náà láti fi áyọ́ọ̀nù oníná lọ aṣọ? Ẹ dìde. Ẹ bá mi mú ọ̀pá mi.